Ta Ló Pa Ewé Orúnkún?

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo máa ń gùn kí n tó lè rí ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé ilé ìdáná wa. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ewé yìí bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú pé Sátidé ni, nítorí a kò lọ sílé-ìwé, a kò sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dá mi lójú pé aago mẹ́sàn-án ti kọjá, nítorí màmá mi ti ti ibi iṣẹ́ òru dé, wọ́n sì ti sùn lọ. Èyí tí kò bá dá mi lójú nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, màá sọ pé kò dá mi lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń sọ ìtàn yìí kiri láìṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi kún un ló ń bí mi nínú títí di òní.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí sí Niu Yọ́ọ̀kì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ń pìtàn bí ẹni tó ti hewú. Ilé tí mò ń sọ yìí ṣì wà ní Mount Hope, ní Bronx, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbé inú rẹ̀ nígbà náà kò sí mọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀: awakọ̀, nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé bíi ti màmá mi. Bí mọ́ínmọ́ín bá jinná lọ́dọ̀ wa, àwọn tó wà lókè orí wa á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á sì rán ọmọ wá kí wa. Lẹ́yìn ilé náà ni ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí igi óákù ńlá kan ṣíji bò.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ti Abẹ́òkúta dé ní ìgbà ooru ọdún yẹn láti wá máa tọ́jú èmi àti àbúrò mi. Ìgbálẹ̀ wà nínú ẹrù wọn. Bí wọ́n ṣe gbé e kọjá ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, mi ò mọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí bí ewé óákù ṣe bo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì pòṣé.

"Ṣé kò sí ọmọ obìnrin kankan nínú ilé yìí ni? Ewé bo ilẹ̀ bí ahoro, ènìyàn sì ń gbé ibẹ̀!"

Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ró ìró lé e, a sì jọ sọ̀kalẹ̀. Wọn kò tíì gbá ju ibi tí ènìyàn lè jókòó sí lọ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ fi ṣí gbàà. Ìyá àgbà kan, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ti ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, jáde wá pẹ̀lú sálúbàtà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Màmá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

"Sọ fún un kó dúró! Ọmọ, sọ fún un kó dúró!"

"Kí ni wọ́n ń wí?" Màmá Àgbà bi mí.

"Wọ́n ní kí ẹ dúró, mà."

"Kí n dúró kẹ̀? Mo ń bá wọn gbálẹ̀, wọ́n ń jágbe mọ́ mi! Bi wọ́n pé ṣé ìdọ̀tí ni wọ́n ń sìn ni."

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Màmá Ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ìka ya àwọn ewé gbígbẹ sọ́tọ̀ bí ẹni ń ya irun ọmọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí i: ewé kéékèèké tó ń dán, tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tó tẹ́ ká ilẹ̀, pẹ̀lú èso pupa róbótó-róbótó láàárín rẹ̀. Wọ́n já ewé kan, wọ́n rún un, wọ́n sì gbé e sí imú Màmá Àgbà.

"Háà!" ni Màmá Àgbà ké. "Ìpara orúnkún mi rèé!"

Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n na orúnkún tí wọ́n ń fi ìpara pa ní alaalẹ́ hàn. Màmá Ìsàlẹ̀ náà gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tiwọn sókè, wọ́n na tiwọn hàn. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá Àgbà ti sọ ọ́ ní ewé orúnkún. Orúkọ tí àwọn ará ibí ń pè é dá lórí pé kì í wọ́wé ní ìgbà òtútù. Inú igbó ló ti ń hù, lábẹ́ igi ńlá. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ òórùn yẹn wò nílé-ìwé gíga: òótọ́ ni, ohun kan náà ló ń ta sánsán nínú ewé náà àti nínú ìpara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú tìpara báyìí.

Màmá Ìsàlẹ̀ sọ fún wa pé láti inú igbó ìlú tí wọ́n bí àwọn sí ní North Carolina ni àwọn ti mú irú rẹ̀ wá. Ọmọbìnrin wọn sọ fún màmá mi lẹ́yìn náà pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òdòdó ni wọ́n ti rà á. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, nítorí èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀. Ewé náà kò fẹ́ oòrùn gangan. Gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ lọ jìnnà, abẹ́ ewé gbígbẹ gan-an ló wà, nítorí náà ẹni tó bá gbá ewé yẹn kúrò ti ṣí aṣọ lára rẹ̀. Ilẹ̀ kíkan ló fẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ da eérú sí i, ẹ ò gbọdọ̀ da èèpo ẹyin sí i, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri kàn án, nítorí gbogbo ìyẹn á pa kíkan ilẹ̀ náà. Nígbà ooru, ẹ ó máa bomi rin ín, kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù, kó má rẹ gbindingbindin. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ní sùúrù, nítorí kò yára tàn ká. Wọ́n tún máa ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sí i. Mo ti kà nípa ìyẹn náà. Ó jọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò pa á lára.

Màmá Àgbà fẹ́ fi ewé náà se àgbo. Màmá Ìsàlẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá mu omi rẹ̀ ní àmupọ̀ á ṣàìsàn.

"Ewé wo ni kì í ṣe àgbo?" ni Màmá Àgbà ń kùn. "Ewé tí a kò lè sè, ṣé ká máa wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n ni?"

Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó. Ohun tó ṣòro fún wọn ni ìgbálẹ̀. Ẹni tó ti ń gbálẹ̀ láti kékeré kí ẹnikẹ́ni tó jí, tí wọ́n ti kọ́ pé ojúde tí a kò gbá ń tú àṣírí onílé, ẹ wá ní kó máa wo ewé gbígbẹ nílẹ̀! Ọwọ́ wọn ń yún wọn. Níkẹyìn, wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á gbá ojú símẹ́ǹtì láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó gbogbo ewé óákù tí wọ́n gbá jọ, wọ́n á sì fọ́n ọn lé ewé orúnkún lórí. Báyìí ni símẹ́ǹtì ṣe ń mọ́, tí ewé orúnkún sì ń rí aṣọ bora. Màmá Ìsàlẹ̀ á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á máa fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ júwe ibi tí aṣọ náà kò tíì ká. Màmá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, àwọn náà kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn, wọ́n á sì parí ìjà láìpe èmi ògbufọ̀. Nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, a ó fi ọwọ́ hú díẹ̀ kúrò, a ó sì rí ewé tútù yọ̀yọ̀ àti èso pupa lábẹ́ rẹ̀. Mo fojú ara mi rí i.

Àìsàn ló mú Màmá Ìsàlẹ̀ kúrò nílé náà. Ọmọbìnrin wọn wá kó wọn lọ sí North Carolina. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ Màmá Àgbà mú, wọ́n sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa: "Sọ fún un pé òun ni mo fi í lé lọ́wọ́. Kì í ṣe súpà tó ń tún ilé ṣe, kì í ṣe onílé. Òun."

Màmá Àgbà dáhùn pé, "Bí mo bá wà, ó wà."

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Alága. Ọmọ Yorùbá ni, òkè pátápátá ló ń gbé, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá inú ilé wa. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ, ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí láàyè. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlé-móoru kò ṣiṣẹ́, òun ló lọ bá máníjà jà títí wọ́n fi tún un ṣe. Ọ̀mọ̀wé ni, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í nítorí wa, ẹni tí ojú ń tì nítorí ènìyàn rẹ̀ sì lè ṣe ohunkóhun sí wọn.

Máníjà fẹ́ mú àwọn àlejò wá wo ilé. Mo wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí Alága ń sọ fún obìnrin kan pé, "Ewé tí Màmá yẹn ń kó jọ sẹ́yìn ilé yẹn, kí wọ́n má sọ pé ọmọ Yorùbá ló ń dọ̀tí." Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó wá pe gbogbo ẹgbẹ́ sí ìmọ́tótó àyíká, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí kálukú á jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Sátidé tó mú, a kò sí nílé. Ìkómọ wà lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi ní Springfield Gardens, ní Queens, ibẹ̀ la sì sùn. Ṣé ó mọ̀ pé a kò ní sí nílé kó tó mú ọjọ́? Mi ò lè sọ.

Nígbà tí a padà dé ní ọ̀sán Sọ́ńdè, igi óákù ti funfun láti ìdí dé ibi tí àyà ọkùnrin mọ. Wọ́n to òkúta yí i ká, wọ́n kun ìyẹn náà ní funfun, bí igi ọgbà ilé-ìwé àti ti bárékè nílé gan-an. Wọ́n ti fi ràkè ha ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Gbogbo ewé gbígbẹ ti wà nínú àpò dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Ewé orúnkún tí wọn kò fà tu sùn sílẹ̀ gbalaja, ohun funfun kan sì bò ó lórí. Mo fi ìka kàn án. Ìyẹ̀fun ni, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Màmá Àgbà kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìkómọ lọ́rùn, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ìyẹ̀fun náà kúrò lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó ewé gbígbẹ jáde nínú àpò dúdú, wọ́n tún fọ́n ọn padà. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sì gbé funfun náà wọlẹ̀.

Ní ìgbà ìrúwé, ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n iṣan inú rẹ̀ ṣì tutù, bí ẹni fi kálámù aláwọ̀ ewé fa ìlà sí i. Èmi àti Màmá Àgbà ń bomi rin ín ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Èmi ni mò ń gbé kẹ́tùlù omi, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé a kò bomi rin ín. Kí ooru tó parí, ó kú tán.

Ohun tó ń bí mi nínú jù kì í ṣe ìyẹn. Ènìyàn lè ṣe àṣìṣe nídìí ìmọ́tótó. Ohun tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí Alága sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, nínú yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé, níwájú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ẹ má jẹ́ ká da Màmá láàmú. Ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n gbàgbé láti bomi rin ín ni."

Màmá Àgbà dìde. "Èmi gbàgbé? Èmi tí mo rántí gbogbo abọ́ mọ́ínmọ́ín tí o gbé kúrò nílé wa tí o kò dá padà? Lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, aláwọ̀ búlúù wà níbẹ̀!"

Ilé gba ẹ̀rín. Alága náà rẹ́rìn-ín.

"Kí ni funfun tí wọ́n dà sórí ilẹ̀?" ni Màmá Àgbà bi í.

"A ò da nǹkan kan sílẹ̀, mà. Ọ̀dà tí a fi kun igi ló ń kán."

"Ọ̀dà ló di ìyẹ̀fun?"

Ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Inú mi bàjẹ́ pé inú yín bàjẹ́."

Ẹ bá mi gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Kò tọrọ àforíjì fún ohunkóhun tó ṣe. Ìbínú àwọn àgbà ló ń bá kẹ́dùn. Àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un pé ó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà!

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ìyá tó máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà títí wọ́n fi máa ti ibi iṣẹ́ dé bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n síbòmíràn. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ sí wọn lójú. Obìnrin kan sọ ọ́ fún màmá mi létí mi nínú ẹlifétọ̀: "Ẹni tó gbàgbé omi lónìí, ṣé kò ní gbàgbé gáàsì lọ́la?" Màmá Àgbà tí ilé wọn máa ń kún fún ariwo ọmọdé wá ń jókòó nìkan lẹ́bàá fèrèsé.

Wọ́n ní kí n pe Màmá Ìsàlẹ̀ lórí fóònù, kí àwọn fi ẹnu ara àwọn sọ fún wọn. Ọmọbìnrin wọn ló gbé e, kò sì fi ọ̀yàyà dá wa lóhùn: Alága ti pè ṣáájú wa. Ó ti sọ fún un pé ìyá tí wọ́n fi ewé lé lọ́wọ́ kò bìkítà fún un. Màmá Ìsàlẹ̀ gba fóònù. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ nǹkan kan kúrò.

"Àwọ̀ wo ni ewé náà ní kó tó kú?" ni wọ́n bi wá.

Mo sọ fún wọn.

"Ewé tí kò rí omi kì í kú báyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹnìkan ba ilẹ̀ náà jẹ́. Sọ fún un pé mo mọ̀ pé kì í ṣe òun."

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, Màmá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá súre fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ọmọbìnrin yẹn pè wá pé ìyá òun ti sùn nínú Olúwa.

Màmá Àgbà padà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ní òtútù ló lé àwọn. Mi ò gbà. Wọ́n ṣì wà láàyè, bí mo bá sì pè wọ́n, wọ́n á rán mi létí aṣọ tí mo wọ̀ lọ sílé-ìwé ní ọjọ́ tí mo bá àbúrò mi jà. Onígbàgbé wo nìyẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé náà báyìí, mo mọ̀ pé ẹ kò mọ ibi tí mò ń sọ. Àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kámẹ́rà sì wà lókè rẹ̀. Ọkùnrin kan ló máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, kó tó di pé ewé kan sùn mọ́jú nílẹ̀. Àwọn ọmọ kò mọ ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, òórùn ọbẹ̀ kì í rán ẹnikẹ́ni sí ẹnikẹ́ni mọ́. Láyé ìgbà tèmi, ìyá méjì tí kò gbédè ara wọn lè pín ilẹ̀ kan ṣoṣo tọ́jú. Lóòótọ́, láyé ìgbà kan náà, gbogbo ilé lè gba irọ́ kan gbọ́ nítorí pé ẹni tó pa á wọ táì. Mi ò mọ̀ bóyá apá kejì yẹn ti yí padà.

Lọ́dún yìí, nígbà tí mo gboyè jáde, àwọn òbí mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alága wá. Ó ti darúgbó. Ó di èjìká mi mú níwájú àwọn àlejò, ó ní, "Ẹ wo ọmọ yìí! Ìyá àgbà rẹ̀ ni wọ́n fi ewé kan lé lọ́wọ́, tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Wọn kò gbàgbé, sà. Ẹfun ló pa á."

"Ẹfun!" Alága rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. "Àpò kan ṣoṣo yẹn? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àpò kan ṣoṣo lè pa igbó ni?"

Àwọn tó yí wa ká tún rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí oúnjẹ. Kò sí èyí tó ṣàkíyèsí ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú wọn. Ta ló gbé àpò náà wá, mi ò mọ̀. Ọwọ́ ta ló fi dà á, mi ò mọ̀. Bóyá Alága ń rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó dìde ní yàrá ìfọṣọ, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n àpò ẹfun kan wà, kì í ṣe ọ̀dà tó ń kán. Mo wà lórí eékún mi níwájú rẹ̀, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.